Báwo ni ìbò 47 ṣe borí 52? Àlàyé lórí ìdìbò ìṣẹ́yún tí kì í di òfin ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ 22, oṣù Kìíní, ọdún 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà dìbò lórí àbádòfin kan tó dá lórí ọmọ tó bá jáde láàyè nígbà tí wọ́n ń ṣẹ́ oyún rẹ̀. Ẹni 52 fara mọ́ ọn, ẹni 47 kọ̀ ọ́. Àbádòfin náà ṣubú. Lọ́jọ́ kejì, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin dìbò lórí irú rẹ̀ kan náà, 217 sí 204, ó sì yege níbẹ̀.

Ẹni tó bá ka ìròyìn àkọ́kọ́ nìkan á rò pé wọ́n ti da ìṣẹ́yún láre. Ẹni tó bá ka ìkejì á rò pé wọ́n ti fòfin dè é. Kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀. Òfin tó wà nílẹ̀ ní ọjọ́ 21 ló ṣì wà nílẹ̀ ní ọjọ́ 24, àwọn tó dìbò náà sì ti mọ̀ kí wọ́n tó wọlé pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí.

Ìdìbò àfihàn là ń pe irú èyí: wọ́n dì í kí ayé lè rí ibi tí olúkúlùkù dúró sí. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó sì ní ohun tí wọ́n ń fi wá. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn ní kò lágbára a dé ilé ẹjọ́ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a sì di ohun tó ń ti ilé ìwòsàn pa. Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà fojú sí jù.

Báwo ni ẹni 47 ṣe ń borí ẹni 52?

Ìjókòó 100 ló wà ní ilé aṣòfin àgbà. Láti fọwọ́ sí àbádòfin, ẹni 51 ti tó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa àríyànjiyàn dé. Òfin ilé náà kò fi gbèdéke sí bí aṣòfin ṣe lè sọ̀rọ̀ pẹ́ tó, nítorí náà ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ àbádòfin kan lè fa ọ̀rọ̀ gùn títí yóò fi sú gbogbo ilé. Ohun tí wọ́n ń pè ní filibuster nìyẹn. Ọdún 1917 ni wọ́n ṣe ìlànà tó lè dá a dúró, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni wọ́n sì ń wá nígbà náà. Ní 1975 wọ́n sọ ọ́ di ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún, ìyẹn ẹni 60.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Aṣòfin 16 á buwọ́ lu ìwé pé kí àríyànjiyàn parí. Odidi ọjọ́ ìjókòó kan á kọjá láàrin. Lẹ́yìn náà, akọ̀wé ilé á máa pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣòfin tó bá wọlé lẹ́yìn tí wọ́n ti pe tirẹ̀ á rìn lọ síwájú tábìlì akọ̀wé, á na àtàǹpàkò sókè tàbí kó dorí rẹ̀ kodò, á sì bá tirẹ̀ lọ. Ẹni 60 nínú gbogbo àwọn tó ti búra wọlé ni wọ́n ń wá, wọn kì í ka iye àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó rìnrìn àjò tàbí tó ń ṣàìsàn fi dà bí ẹni tó dìbò láti kọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ 22 yẹn, ẹgbẹ́ Republican ní ìjókòó 53, kò sì sí ọmọ ẹgbẹ́ Democrat kankan tó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ìbò mẹ́jọ ni wọ́n fi kù.

Ohun kan tún wà tí àkọlé ìròyìn kì í sábà sọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, àbádòfin gan-an kọ́ ni wọ́n ń dìbò lé lórí. Wọ́n ń dìbò lórí bóyá kí wọ́n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jíròrò rẹ̀. Nítorí náà, tí ìròyìn bá ní aṣòfin kan "dìbò lòdì sí" nǹkan kan, ẹ wò ó bóyá ó kọ nǹkan náà ni, àbí ó kọ̀ kí wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn fún un.

Ẹ tún lè rí orúkọ olórí àwọn tó gbé àbádòfin wá láàrin àwọn tó kọ̀ ọ́. Kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó bá wà lápá tó borí nìkan ni òfin ilé gbà láàyè láti tún gbé ọ̀rọ̀ náà wá lọ́jọ́ mìíràn, nítorí náà olórí á dìbò pẹ̀lú àwọn tó borí kó lè di ìlẹ̀kùn náà mú. Bẹ́ẹ̀ ni Chuck Schumer, olórí ẹgbẹ́ Democrat ní ilé aṣòfin àgbà, ṣe ní ọjọ́ 13, oṣù Kẹfà, ọdún 2024, nígbà tí àbádòfin ẹ̀tọ́ sí IVF, ìtọ́jú fún àwọn tó ń wá ọmọ, ṣubú pẹ̀lú 48 sí 47. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹsàn-án, ó tún gbé e padà wá. Ó gba 51 sí 44, ó sì tún ṣubú.

Ìwé wo ló lè di òfin, èwo ni kò lè dì í?

Àmì tó wà níwájú nọ́ńbà rẹ̀ ni kí ẹ wò. Tí ẹ bá rí H.R., ilé aṣojú-ṣòfin ni àbádòfin náà ti wá. S. ti ilé aṣòfin àgbà wá. Méjèèjì lè di òfin tí ilé méjèèjì bá fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ kan náà, tí ààrẹ sì buwọ́ lù ú. H.Con.Res. àti S.Con.Res. jẹ́ ìpinnu tí ilé méjèèjì jọ ṣe. Kì í dé iwájú ààrẹ, kì í sì í di òfin. H.Res. àti S.Res. jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ 11, oṣù Kìíní, ọdún 2023, ilé aṣojú-ṣòfin dìbò 222 sí 209 fún H.Con.Res. 3, ìpinnu tó bẹnu àtẹ́ lu ìkọlù sí ṣọ́ọ̀ṣì àti sí àwọn ilé tó ń ran aboyún lọ́wọ́ láìṣẹ́ oyún. Kò dá ìjìyà tuntun sílẹ̀, kò sì ya owó kankan sọ́tọ̀ fún ààbò. Àwọn tó gbé e wá sọ pé ìkọlù náà pọ̀ sí i láti ìgbà tí àkọsílẹ̀ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ gíga jùlọ lórí ìṣẹ́yún ti jò síta ní 2022, ó sì yẹ kí ilé sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ̀ ọ́ ní àwọn náà kórìíra ìwà ipá, ṣùgbọ́n ìpinnu náà dákẹ́ lórí iná tí wọ́n ń sun àti ìbọn tí wọ́n ń yìn ní àwọn ilé ìwòsàn ìṣẹ́yún láti ọdún pípẹ́. Gbogbo ìjà tó wà nínú rẹ̀ kò ju ohun tí wọ́n dárúkọ àti ohun tí wọn kò dárúkọ lọ.

Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé kò ní yege, kí ni wọ́n ń wá?

Àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń wá. Tí aṣòfin bá ti dìbò, orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé, kò sì lè sọ mọ́ pé òun kò tíì ronú lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ bíi SBA Pro-Life America tó lòdì sí ìṣẹ́yún lápá kan àti Planned Parenthood Action Fund tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ìṣẹ́yún lápá kejì a máa fún aṣòfin ní máàkì lórí irú ìdìbò bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì gbé e fún olùdìbò nígbà ìpolongo.

Ẹ wo ọdún 2022. Ní ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún, ilé iṣẹ́ ìròyìn Politico gbé àkọsílẹ̀ ìdájọ́ tó fẹ́ fagi lé Roe v. Wade jáde, ìyẹn ìdájọ́ ọdún 1973 tó fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ìṣẹ́yún ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ Democrat gbé Women's Health Protection Act, àbádòfin tó fẹ́ fi ẹ̀tọ́ ìṣẹ́yún sínú òfin ìjọba àpapọ̀, wá síwájú ilé aṣòfin àgbà. Ilé aṣojú-ṣòfin ti fọwọ́ sí i ní 2021 pẹ̀lú 218 sí 211, ilé àgbà sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Kejì 2022, 46 sí 48. Lọ́tẹ̀ yìí ó jẹ́ 49 sí 51. Joe Manchin tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Democrat pàápàá kọ̀ ọ́.

Àwọn tó gbé e wá sọ pé ẹ̀tọ́ kan ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ẹni tó dúró tì wọ́n kí ìbò oṣù Kọkànlá tó dé. Susan Collins àti Lisa Murkowski, tí wọ́n jẹ́ Republican ṣùgbọ́n tí wọ́n fẹ́ kí ẹ̀tọ́ ìṣẹ́yún wà, sọ pé àbádòfin náà gbòòrò jù. Wọ́n ní tiwọn tó kéré jù ú lọ, èyí tí ì bá sọ ohun tí ìdájọ́ Roe àti ti Casey tó tẹ̀ lé e sọ di òfin láìfi nǹkan mìíràn kún un. Àwọn ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin dáhùn pé òfin tó fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ láti máa dí obìnrin lọ́wọ́ kì í ṣe ààbò. Èyíkéyìí tí wọn ì bá mú, 60 ṣì ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà.

Ìdí mìíràn ni àtúnwí. Wọ́n kọ́kọ́ gbé àbádòfin tó fẹ́ fòfin de irú iṣẹ́ abẹ ìṣẹ́yún kan tí wọ́n pè ní "partial-birth abortion" wá ní 1995. Ààrẹ Clinton kọ̀ láti buwọ́ lù ú ní 1996, ó tún kọ̀ ní 1997. Gbogbo èèyàn mọ̀ pé yóò kọ̀. Àwọn tó ń gbé e wá kò dá a dúró, orúkọ tí wọ́n fún iṣẹ́ abẹ náà sì wọ etí ará ìlú títí ó fi mọ́ wọn lẹ́nu. Bush buwọ́ lù ú ní 2003, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ fọwọ́ sí i ní 2007 pẹ̀lú ìbò 5 sí 4. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìfàkókòṣòfò ní 1996 ni dókítà ń tẹ̀ lé lónìí.

Kí ni ìhà méjèèjì ń sọ lórí ọmọ tí a bí láàyè?

Òfin kan ti wà láti ọdún 2002 tó sọ pé ọmọ tó bá jáde láàyè, ní ipò yòówù kó jẹ́, ènìyàn ni lójú òfin ìjọba àpapọ̀. Àbádòfin 2025 fẹ́ fi kún un pé kí òṣìṣẹ́ ìlera tọ́jú ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ mìíràn tí ọjọ́ oyún wọn jọ dọ́gba, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá tàpá sí i lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún márùn-ún. Wọn kò ní gbé ìyá ọmọ lọ sílé ẹjọ́.

Àwọn tó ń tì í lẹ́yìn sọ pé òfin 2002 kò léyín, nítorí kò sọ ìjìyà kankan. Àwọn tó lòdì sí i sọ pé pípa ọmọ ọwọ́ ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní gbogbo ìpínlẹ̀, àti pé àwọn tí yóò kó sínú rẹ̀ ni òbí tí àìsàn ọmọ wọn kò ní oògùn, tí wọ́n kàn fẹ́ gbé e mọ́ra fún ìṣẹ́jú tó kù fún un, dípò kí ọkọ̀ áńbúláǹsì máa gbé e sáré. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni lápá méjèèjì, kò sì dára kí a fi àkọlé ìròyìn kan dá a.

Ṣé ọ̀rọ̀ àfihàn lè padà wá mú èèyàn?

Ó lè mú un. Ní 1986, ìpínlẹ̀ Missouri kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí òfin kan, ó ní láti ìgbà tí oyún bá ti dúró ni ẹ̀mí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó lòdì sí i gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Webster, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní òun kò ní dá sí ọ̀rọ̀ ìṣáájú náà, nítorí kò tíì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó kàn ń sọ ohun tí ìpínlẹ̀ náà gbà gbọ́. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ mìíràn gbọ́ ọ yékéyéké pé ọ̀rọ̀ irú èyí lè jókòó sínú ìwé òfin láìsí ẹni tó máa yọ ọ́.

Alabama ni ẹ̀rí tó hàn jù. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kọkànlá, ọdún 2018, àwọn olùdìbò ibẹ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe kan sí ìwé òfin ìpínlẹ̀ wọn. Ó ní ìlànà ìpínlẹ̀ náà ni láti mọ rírì ẹ̀mí ọmọ tí a kò tíì bí, àti pé kò sí ibi tí ìwé òfin náà ti fúnni ní ẹ̀tọ́ sí ìṣẹ́yún. Kò sí ìjìyà nínú rẹ̀. Roe ṣì wà láàyè, nítorí náà kò yí nǹkan kan padà fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Ní oṣù Kejìlá 2020, ní ìlú Mobile, aláìsàn kan ṣèèṣì rìn wọ yàrá tí wọ́n ń tọ́jú ọlẹ̀ dídì sí ní ọsibítù kan. Ọlẹ̀ yìí ni ẹyin obìnrin tí wọ́n ti fi àtọ̀ ọkùnrin sọjí ní yàrá àyẹ̀wò fún ìtọ́jú IVF, tí wọ́n wá sọ di yìnyín kó má bàa bàjẹ́. Aláìsàn náà kó mélòó kan jáde. Òtútù rẹ̀ bó o lọ́wọ́, ó sì jù wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ṣòfò. Àwọn tọkọtaya tó ni wọ́n pẹjọ́ lábẹ́ òfin ọdún 1872 kan tó gba òbí láàyè láti béèrè owó ìtanràn lórí ikú ọmọ.

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kejì, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ Alabama dá wọn láre: ọmọ ni ọlẹ̀ dídì náà lójú òfin 1872. Àtúnṣe 2018 yẹn wà lára ohun tí ilé ẹjọ́ náà fi ẹsẹ̀ ìdájọ́ rẹ̀ múlẹ̀. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ó kéré tán ilé ìtọ́jú mẹ́ta dá IVF dúró, nítorí ẹ̀rù ẹjọ́ ń bà wọ́n. Ẹni tó bá mọ ìtọ́jú yìí á mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni obìnrin fi ń gún abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ kí ẹyin rẹ̀ lè gbó, dókítà sì gbọ́dọ̀ kó ẹyin náà lásìkò rẹ̀ gan-an. Tí ilẹ̀kùn bá tì láàrin, owó, abẹ́rẹ́ àti ìrora náà ti wọmi. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹta, gómìnà Kay Ivey buwọ́ lu òfin tó dáàbò bo àwọn ilé ìtọ́jú náà lọ́wọ́ ẹjọ́. Àtúnṣe 2018 ṣì wà níbi tó wà. Ìbẹ̀rù tí ọ̀rọ̀ yìí dá sílẹ̀ ló bí ìdìbò IVF tí Schumer gbé wá lóṣù Kẹfà: àfihàn kan fa ìdájọ́, ìdájọ́ náà tún bí àfihàn mìíràn.

Ìpínlẹ̀ yìí kan náà ló ti ṣe èkejì. Ní ọjọ́ 15, oṣù Karùn-ún, ọdún 2019, Ivey buwọ́ lu òfin tó lè sọ dókítà tó bá ṣẹ́yún sẹ́wọ̀n láti ọdún 10 títí dé 99. Nínú ọ̀rọ̀ tó gbé jáde lọ́jọ́ náà, ó gbà pé ó ṣeé ṣe kí òfin náà má tíì ṣeé lò nítorí Roe. Adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá a dúró lóṣù Kẹwàá ọdún náà. Nígbà tí ìdájọ́ Dobbs fagi lé Roe ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà, ọdún 2022, wọ́n tú òfin náà sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ìpínlẹ̀ 13 ló ti ní òfin tí wọ́n kọ pé kó máa dúró de ọjọ́ náà.

Ṣé apá kan ṣoṣo ló máa ń ṣe láǹfààní?

Rárá. Ní 2012, àwọn olùdìbò Wyoming fi gbólóhùn kan sínú ìwé òfin wọn pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti pinnu ọ̀rọ̀ ìlera ara rẹ̀. Wọn kò ní ìṣẹ́yún lọ́kàn rárá. Òfin ìlera ààrẹ Obama ni wọ́n ń bínú sí, wọ́n sì mọ̀ pé ìwé òfin ìpínlẹ̀ kò lè borí òfin ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2024, adájọ́ kan níbẹ̀ fi gbólóhùn yẹn wọ́gi lé òfin ìpínlẹ̀ náà tó de ìṣẹ́yún. Ó ní ìtọ́jú ìlera ni ìṣẹ́yún, àgbàlagbà sì ni aboyún. Àwọn agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀ jiyàn pé ohun tí àwọn olùdìbò 2012 ní lọ́kàn kọ́ nìyẹn. Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni adájọ́ kà.

Ti Faransé ńkọ́?

Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn aṣòfin ilé méjèèjì pàdé ní Versailles, wọ́n sì dìbò 780 sí 72 láti fi òmìnira obìnrin láti ṣẹ́yún sínú ìwé òfin ilẹ̀ wọn. Gérard Larcher, olórí ilé aṣòfin àgbà, ti sọ ṣáájú pé kò sí ẹni tó ń halẹ̀ mọ́ ẹ̀tọ́ náà ní Faransé, kò sì yẹ kí ìwé òfin di àkójọ ẹ̀tọ́ lóríṣiríṣi. Àwọn tó fẹ́ ẹ nawọ́ sí Amẹ́ríkà: níbẹ̀ náà, àádọ́ta ọdún ni èèyàn fi rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Gbèdéke ọ̀sẹ̀ 14 tó wà nínú òfin lásán kò yí padà lọ́jọ́ náà. Ohun tó yí padà ni pé ìjọba tó bá fẹ́ mú ẹ̀tọ́ náà kúrò pátápátá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ìwé òfin ṣe, iṣẹ́ ńlá sì nìyẹn.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá òfin ìlú mi ti yí padà?

Ẹ má wo Washington nìkan. Láti ìgbà Dobbs, ìpínlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdìbò tó ṣubú ní ilé aṣòfin àgbà kò mú ohunkóhun rọrùn tàbí nira sí i fún ẹni tó wà ní Houston tàbí Atlanta. Tí ìròyìn bá jáde, ẹ wá nọ́ńbà ìwé náà lórí congress.gov, kí ẹ sì ka ìlà tó sọ ibi tó dé. Tí ìlà náà kò bá sọ pé ó ti di òfin, kò tíì dì í. Tó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀ ni, ẹ wo ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àti bóyá adájọ́ kan ti dá a dúró. Kí ẹ sì ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn máa ń fò, nítorí ibẹ̀ ni gbólóhùn bíi ti Missouri àti Alabama máa ń fara pamọ́ sí.

Àbádòfin ọmọ tí a bí láàyè tí ilé aṣojú-ṣòfin fọwọ́ sí lóṣù Kìíní 2025 kò ju ọjọ́ 3, oṣù Kìíní, ọdún 2027 lọ, nígbà tí sáà ilé náà yóò parí. Àbádòfin tí kò bá tíì di òfin nígbà náà ti kú. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ẹ á tún un kọ, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà tuntun, akọ̀wé á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ.